Mo Wo Fídíò Mẹ́rin, Síbẹ̀ Ọmọ JSS1 Fi Ìbéèrè Kan Ṣoṣo Dá Mi Dúró

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tàbí ti kòkòrò àìfojúrí ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ìṣirò tí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ tíṣà máa ń fi fóònù kọ́ lóru kí a tó lọ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀. Ẹ má sá o. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Ní ọdún kẹta mi nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n rán wa lọ sí TP. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe NCE mọ̀ ọ́n: wọ́n á pín yín sí ilé ìwé káàkiri, ẹ ó máa kọ́ ọmọ níbẹ̀, àwọn ọ̀gá yín á sì máa yọ́ wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe é, wọ́n á fún yín ní máàkì. Kíláàsì JSS1 ni wọ́n gbé fún èmi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a kan pípín ìdá. Lójú tèmi, mo múra sílẹ̀ dáadáa. Lóru ọjọ́ tó ṣáájú, mo ra dátà alẹ́, mo wo fídíò mẹ́rin lórí YouTube, mo wo èyí tó dùn jù nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ yé mi yékéyéké. Mo sùn bí ẹni tó ti gba A.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ iṣẹ́ tí mo rí nínú fídíò sójú bọ́ọ̀dù: 1¾ ÷ ½. Mo sọ 1¾ di 7/4. Mo ní kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sọ àmì pípín di àmì ìsọdipúpọ̀, kí wọ́n dojú ti ìkẹyìn dé. 7/4 × 2/1, ó di 14/4, ìyẹn 3½. Ó parí. Mo nu ọwọ́ mi.

Ọmọbìnrin kan ní ìjókòó kejì nawọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí a fi ń dojú ẹ̀ dé?” Kí n tó lanu, ó ti fi òmíràn lé e: “Àti pé sà, ẹ ní ká pín nǹkan. Kò ju ọ̀kan àti díẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Báwo ló ṣe wá di mẹ́ta àti àbọ̀ lẹ́yìn tí a pín in tán?”

Ẹ̀yin ará, ọpọlọ mi ṣófo. Mo wá gbogbo fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú orí mi, kò sí èyí tó sọ̀rọ̀. Mo ní, “Bí òfin ìṣirò ṣe sọ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó jókòó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò nawọ́ mọ́ títí tí aago fi lù.

Òun ló ń dùn mí títí dòní. Ìbéèrè tó dára jù tí ẹnikẹ́ni bi mí ní gbogbo TP yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló bi í, ohun tí mo sì kọ́ ọ ni pé ìbéèrè kì í ṣe ara ìṣirò. Tí fídíò bá ṣì mí lọ́nà, mo lè wá òmíràn. Ọmọ yẹn ò ní tíṣà ìṣirò mìíràn ju èmi lọ.

Lóru ọjọ́ náà, mo padà sórí fóònù. Mo ń wá “kí ló dé,” ohun tó ń jáde ni “báwo la ṣe ń ṣe é.” Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n fi ń rántí ọ̀nà yìí, “keep, change, flip.” Fídíò tó ń kọ ọ́ bí orin pọ̀ bí iyanrìn. Oríṣiríṣi àwọ̀, oríṣiríṣi ẹ̀rín, tíṣà oríṣiríṣi, iṣẹ́ kan náà. Mo wo mẹ́fà míì. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yẹn ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ bá ìyá kan tó ti ń kọ́ ìṣirò nílé ìwé náà tipẹ́tipẹ́. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a fi ń dojú ìdá dé tí a bá ń pín?”

Wọn ò dáhùn. Wọ́n ní, “Tíṣà kékeré, kọ́kọ́ pa fóònù yẹn ná. Wá sọ ìtàn kan fún mi. Ìtàn ọjà, ìtàn ilé, èyí tó bá wù ọ́. Kó ṣáà jẹ́ pé 1¾ ÷ ½ ni èèyàn máa ṣe kó tó rí ìdáhùn rẹ̀.”

Mo rò pé ìyẹn ò le. Mo ní, “Màmá kan ní gàrí kóńgò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì dọ́gbadọ́gba. Mélòó ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan?”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, mélòó ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ìtàn tìẹ yẹn?”

Mo ṣe é lọ́kàn. Kò tó kóńgò kan. Ìdá méje nínú mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n 3½ ni mo kọ sójú bọ́ọ̀dù lánàá! Ìgbà yẹn ni mo tó rí i: pípín sí méjì ni mo sọ ìtàn rẹ̀, kì í ṣe pípín ní àbọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, mi ò mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí nígbà tí mo délé tí mo tẹ 1¾ ÷ ½ gan-an sí Google, mo rí i pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣubú sínú kòtò yìí. Iṣẹ́ tí mo rí nínú fídíò yẹn lórúkọ láàárín àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Liping Ma, tó ti ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí ní Ṣáínà kó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé lé e lórí ní 1999. Ó bi àwọn tíṣà Amẹ́ríkà 23 àti tíṣà Ṣáínà 72 ní ìbéèrè kan náà: ẹ ṣe 1¾ ÷ ½, kí ẹ sì sọ ìtàn tó bá a mu. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà 21 tó gbìyànjú iṣẹ́ náà, 9 péré ló ṣe é débi ìdáhùn tó tọ́. Nígbà tó kan ìtàn, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 23 ló sọ èyí tó nítumọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ṣe ohun tí èmi náà ṣe gẹ́lẹ́: wọ́n mú oúnjẹ róbótó bíi písà, wọ́n pín in fún èèyàn méjì. Àwọn tíṣà Ṣáínà ńkọ́? Gbogbo àwọn 72 ló ṣe iṣẹ́ náà yege, 65 nínú wọn sì sọ ìtàn tó tọ́.

Ohun tó wú mi lórí jù nìyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn ti lọ sí yunifásítì. Àwọn ti Ṣáínà ò lọ. Wọ́n ka ìwé dé ọdún kẹsàn-án, wọ́n wá fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta kún un nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń sọ fún pé “NCE lásán” lẹ ní, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n kà ló pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe, tí àwọn yòókù kì í sábà ṣe, ni pé wọ́n máa ń jókòó pọ̀, àwọn tíṣà ilé ìwé kan náà, wọ́n á tú ìṣirò kan palẹ̀ bí ẹni tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, wọ́n á bi ara wọn ní “kí ló dé” títí yóò fi tán. Màá padà síbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yẹn lóhùn. Mọ́mì ló là mí lójú, Yorùbá sì ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní, “Tí mo bá ní kí o pín gàrí SÍ méjì, kí lo máa ṣe?” Mo ní màá dá a sí ọ̀nà méjì. “Tí mo bá wá ní kí o wọ̀n ọ́n ní méjì méjì ńkọ́?” Mo ní màá máa bu kóńgò méjì méjì, màá wá ka iye ìgbà tí mo bù. “Tí mo bá ní kí o wọ̀n ọ́n ní àbọ̀ àbọ̀?” Mo dákẹ́. Ó ti yé mi.

Ṣé ẹ rí i bí èdè wa ṣe la ọ̀rọ̀ náà? Àmì kan ṣoṣo ni ÷, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èkíní, pín in sí ọ̀nà báyìí. Èkejì, wọ̀n ọ́n ní báyìí-báyìí, mélòó ló máa jẹ́? Yorùbá máa ń pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì tó bá ti di ti ìkejì: méjì méjì, àbọ̀ àbọ̀, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Ìdá kì í bá ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pín gàrí sí ọ̀nà “àbọ̀”? Ṣùgbọ́n wíwọ̀n ní àbọ̀ àbọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é lọ́jà.

Nítorí náà, 1¾ ÷ ½ ń béèrè pé: tí mo bá ní gàrí kóńgò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí mo sì ń wọ̀n ọ́n ní àbọ̀ kóńgò, ìwọ̀n mélòó ni màá rí? Kóńgò odindi kan yóò jẹ́ ìwọ̀n méjì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yóò jẹ́ ìwọ̀n kan àti àbọ̀. Ẹ rò ó pọ̀: mẹ́ta àti àbọ̀. Ìdí tó fi pọ̀ ju bó ṣe wà lọ nìyẹn. Gàrí ò lé, ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ló kéré.

Dídojúdé wá ńkọ́? Nǹkan tí ìdá tí a dojú rẹ̀ dé ń sọ fún wa ni iye ìgbà tí ìwọ̀n yẹn wà nínú odindi kan. Àbọ̀ wà nínú kóńgò kan lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 2/1. Ìdámẹ́rin wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, 4/1. Ẹ wá wo ⅔, èyí tó máa ń dani láàmú. Odindi kan ní ìdámẹ́ta mẹ́ta. Ìwọ̀n mi ń kó méjì méjì nínú wọn. Mo kó méjì, ìwọ̀n kan nìyẹn. Ó ku ẹyọ kan, ìyẹn sì jẹ́ àbọ̀ ìwọ̀n. Nítorí náà ⅔ wà nínú odindi kan ní ìgbà kan àti àbọ̀, ìyẹn 3/2. Ẹ ò rí i bó ṣe dojú dé fúnra rẹ̀? Tí mo bá ti mọ iye tó wà nínú odindi kan, ó kù kí n sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye odindi tí mo ní. Ibẹ̀ ni àmì ìsọdipúpọ̀ ti wọlé. Kò sí òfin kankan tó já bọ́ láti ọ̀run.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, “Nítorí náà, íntánẹ́ẹ̀tì ò dára nìyẹn?” Rárá o. Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ò bá má ti jáde NCE. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ní bó ṣe ń tan èèyàn, ó sì dára kí èèyàn mọ̀ ọ́n.

Ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, Michael Kardas àti Ed O'Brien, gbé iṣẹ́ kan jáde tó ṣàlàyé ohun tó ṣe mí lóru yẹn. Wọ́n fi fídíò han àwọn èèyàn: bí wọ́n ṣe ń ju ọfà kékeré sójú pátákó, bí wọ́n ṣe ń jó ijó tí Michael Jackson fi ń rìn sẹ́yìn bí ẹni tó ń yọ̀ lórí ilẹ̀. Àwọn kan wò ó lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan wò ó nígbà 20. Àwọn tó wò ó nígbà 20 gbà gbọ́ dájú pé àwọn á lè ṣe é jù. Wọ́n ní ó yá, ẹ bọ́ síta ẹ ṣe é. Wọn ò sàn ju àwọn tó wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ. Wíwò ń jẹ́ kí ìdánilójú wa pọ̀ sí i, ọwọ́ wa ò sì mọ nǹkan kan sí i. Mo rántí ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì lóru yẹn, tí mo ń mi orí sí tíṣà inú fóònù, “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.”

Kì í ṣe fídíò nìkan. Roediger àti Karpicke ṣe tiwọn ní 2006 pẹ̀lú ìwé kíkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n wá pa á dé, wọ́n gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: wọ́n rántí nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó pa ìwé dé rántí nǹkan bí 61. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo máa ń dán ara mi wò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ máa ń bi mí ní ìbéèrè.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń wo fídíò padà. Tí tíṣà inú rẹ̀ bá ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo máa ń dá a dúró níbẹ̀. Màá mú bírò, màá ṣe é fúnra mi títí màá fi há tàbí tí màá fi parí, kí n tó jẹ́ kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Dátà ò sì fi bẹ́ẹ̀ jó, torí ìwé ni mo ń lò jù. Lẹ́yìn náà, màá pa gbogbo rẹ̀ dé, màá wá ìtàn sọ, gẹ́gẹ́ bí Mọ́mì ṣe kọ́ mi. Tí mi ò bá rí ìtàn sọ, mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tí fídíò fi dára ju èèyàn lọ o, mi ò ní parọ́. Ẹ ti gbọ́ nípa Khan Academy. Ní 2004, Salman Khan wà ní Boston, ó ń kọ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ kan, Nadia, ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ ẹbí yòókù ní àwọn náà fẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sórí YouTube ní 2006. Khan fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ náà fẹ́ràn òun lórí YouTube ju lójúkorojú lọ. Ìdí ni pé wọ́n lè dá a dúró, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n tún un gbọ́, láìsí pé ojú ń tì wọ́n.

Ojú títì yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí kò mọ ìdá dáadáa, ta ló fẹ́ lọ bi? Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ á ní, “O fẹ́ lọ kọ́ ọmọ, o ò mọ iṣẹ́ Primary 5?” Ṣùgbọ́n orí ibùsùn lóru, pẹ̀lú yápíìsì létí, mo lè padà sí Primary 5, kí n lọ sí Primary 3 pàápàá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo kọ́ pípín gígùn tuntun báyẹn. Mo ti ń ṣe é láti kékeré láì mọ ìdí tí a fi ń sọ nǹkan kalẹ̀.

Àwọn áàpù tí wọ́n máa ń fi ya fọ́tò iṣẹ́, bíi Photomath tí wọ́n gbé jáde ní 2014 láti Croatia, àwọn ni mo máa ń bá ara mi jà lé lórí jù. Ẹ ya fọ́tò, ìdáhùn jáde pẹ̀lú gbogbo ìgbésẹ̀. Mo máa ń lò ó láti yẹ iṣẹ́ tí mo ti ṣe tán wò. Kí n tó ṣe é? Ká má rí i. Bákan náà ni ChatGPT àti àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n lè ṣì í pẹ̀lú ìgboyà, bí ẹni tí kò ṣì í rárá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni GeoGebra. Ará Austria kan, Markus Hohenwarter, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001 nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ yunifásítì rẹ̀ ní Salzburg, ọ̀fẹ́ sì ni fún akẹ́kọ̀ọ́ àti tíṣà. Tó bá ti wà lórí fóònù, kò nílò dátà mọ́. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé kì í sọ̀rọ̀. Ìwọ lo máa fa nǹkan, ìwọ lo máa wò ó. Ya onígun mẹ́ta, ní kó ka igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọ, kí o wá máa fi ìka fa orí kan káàkiri. Igun ń yí padà, àpapọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ 180, kì í yẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ kan tí mo ro àwọn igun tó wà lójú fóònù pọ̀ fúnra mi: 47.12, 61.23 àti 71.66. Ó fún mi ní 180.01! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo pé mo ti ba ìṣirò jẹ́. Ó tó wákàtí kan kó tó yé mi. Nọ́ńbà méjì péré ni fóònù ń fi hàn lẹ́yìn ojúàmì, ó ti ń gé ìyókù tàbí kó máa sún un sókè. Tó bá jẹ́ 47.116, 61.226 àti 71.658 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sún sókè díẹ̀díẹ̀, àpapọ̀ wọn gangan sì jẹ́ 180 géérégé. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nípa igun, ọ̀kan nípa ohun tí ẹ̀rọ ń fi pa mọ́. Fídíò kankan ò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn fún mi.

Ó wá ku ti gúrúùpù WhatsApp. Gbogbo kíláàsì ló ní in, gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe: ẹnì kan á fi fọ́tò asáínmẹ́ǹtì ránṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́, ẹlòmíràn á ya fọ́tò ìdáhùn, ogójì èèyàn á dà á kọ. Lẹ́yìn tí mo ka ti àwọn tíṣà Ṣáínà yẹn, mo bá ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin sọ̀rọ̀, a dá tiwa sílẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn ránṣẹ́. Ìbéèrè “kí ló dé” nìkan, àti ìtàn. Tí ìtàn bá wọ́, a ó tú u. A sì ń lo fọ́nrán ohùn, lédè Yorùbá, torí a ti rí i pé tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ tó dán bo ibi tí kò ti yé e. Tó bá di “ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ẹ,” ìbòjú á ṣí.

Ọ̀rọ̀ fífi Yorùbá ṣe ìṣirò yìí kì í sì í ṣe tuntun. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílé Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn. Fídíò Yorùbá tó ń ṣàlàyé ìdí tí a fi ń dojú ìdá dé, mo wá a títí lóru ọjọ́ yẹn, mi ò rí ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, ẹ gbọ́ o.

Mo padà sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo gbé gàrí lọ, pẹ̀lú kóńgò, àti agolo kan tí mo ti dán wò nílé pé ó gba àbọ̀ kóńgò. Mo sọ fún wọn pé ìbéèrè kan wà tí mi ò dáhùn dáadáa lọ́jọ́ sí. Mo pe ọmọbìnrin yẹn jáde pé kó wá wọ̀n ọ́n. Agolo kìíní, ìkejì, ìkẹta. Gbogbo kíláàsì ń kà á. Ìyókù ò kún agolo.

Ó wo inú agolo, ó wo bọ́ọ̀dù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó kù yìí, ìdá kan nínú mẹ́rin kóńgò ni. Kí ló dé tí ẹ kọ mẹ́ta àti àbọ̀? Ṣé kì í ṣe mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni?”

Alẹ́ méjì gbáko ni àwa márùn-ún ti fi jà lórí ìyẹn nínú gúrúùpù wa. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo na kóńgò sí i lọ́wọ́ kan, mo na agolo sí i lọ́wọ́ kejì, mo ní kó sọ fún wa èyí tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ó wo agolo náà pẹ́. Ó fi ìka sí ibi tí gàrí dé lára rẹ̀, ní àárín gbùngbùn.

“Àbọ̀ agolo ni, sà,” ó sọ fún mi. Ó wá yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó tún un sọ sókè.